Mo Ti Kọ Áfíríkà sí Fọ́ọ̀mù Àbúrò Rẹ

Adéfúnmi ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ l'Ékòó láàárín èrò tí kò mọ ara wọn kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Òtútù Jọ́ọ̀sì ti dé o, ètè gbogbo wa ti là, ìyá rẹ ń fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń pa awọ bàtà, ṣùgbọ́n ara le, a dúpẹ́. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ ìyá rẹ ní owó ìpè yóò tán kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀, kí n yáa kọ lẹ́tà.

Owó ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ wọlé, èyí tí o ní kí n fi lọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ fún Fẹ́yìsayọ̀ àbúrò rẹ, kí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lè gbà á. Mi ò lọ. Má bínú, jókòó kí o gbọ́, nítorí ayọ̀ ni mo bá dé. Ìrìn àjò náà ò pọn dandan mọ́! Áfíríkà ti di ọ̀kan!

Bí mo ṣe gbọ́ nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pè mí sí yunifásítì ní Bauchi Road pé kí n wá ya fọ́tò níbi àpérò kan. O mọ̀ pé baba rẹ kì í ṣe ayàfọ́tò ọjà Terminus lásán, bí àwọn ẹni ńlá bá ń ṣe nǹkan, wọ́n á wá mi kàn. Mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n kan dìde, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń mi fèrèsé. Ó ní òun fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Ó ní àwọn kan rò pé kí àwọn ìjọba máa bá ara wọn ṣòwò ní ìrẹ́pọ̀ ni, pé ìyẹn kéré. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni ìjọba kan, owó kan, pásípọ́ọ̀tù kan, kò sí ẹnubodè, kò sí àlejò, pé ọmọ Áfíríkà, ibi tó bá sùn tó jí ni ìlú rẹ̀. Adéfúnmi, mo fò sókè débi pé fọ́tò méjì ò mọ́! Baba mi àgbà bá iṣẹ́ rélùwéè wá síbí, baba mi kú síbí, ibí ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ bí mo bá ti mú fọ́ọ̀mù dání, wọ́n á ní kí n máa lọ sílùú mi.

Mi ò gbọ́ ìyókù, torí o mọ iṣẹ́ wa, bí a bá ya fọ́tò tán, eré ni, ká lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ká sì gbé e padà kí àwọn oníbàárà tó tú ká. Ìgbà tí mo fi padà wọlé, gbogbo gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dìde dúró. Kí ni mo tún fẹ́ wádìí?

Mo délé, mo fa fọ́ọ̀mù Fẹ́yìsayọ̀ yọ. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìpínlẹ̀ abínibí, mo fi bíírò kọ ÁFÍRÍKÀ gàdàgbà. Àbúrò rẹ fi igbe ta pé kí n jọ̀ọ́ má ba fọ́ọ̀mù òun jẹ́. Mo ní kó lọ jókòó, àwọn ọmọ ìsinsìnyí, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tẹ fóònù, ìròyìn gidi ò sì dé etí wọn. Mo sọ fún Hàbíbátù, ará orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, pé a ti di ọmọ ìlú kan náà. Ó ní Allah ya sa, kí Ọlọ́run jẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀, ó sì fún mi ní ẹ̀pà ọ̀fẹ́. Ṣé o rí i pé ó ti bẹ̀rẹ̀!

Baba rẹ sì gbọ́n o. Bí pásípọ́ọ̀tù bá di ọ̀kan, ṣé gbogbo Áfíríkà kò ní ya fọ́tò tuntun ni? Mo bá fi owó ọkọ̀ yẹn ra aṣọ tuntun tí a ń ta sẹ́yìn ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n ya Áfíríkà sí i láti òkè délẹ̀, àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀. Lọ́la n ó gbé fọ́ọ̀mù lọ.

Adéfúnmi, àná ni mo kọ ti òkè yìí, òní ni mo tún gbé bíírò. Mi ò lè ya èyí tí mo ti kọ dànù, bébà wọ́n.

Mo gbé fọ́ọ̀mù lọ bá Damaris, ọmọbìnrin ẹ̀yà Bẹ̀rọ́ọ̀mù tó ń bá èèyàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Terminus. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní Baba mai hoto, bí wọ́n ṣe ń pe ayàfọ́tò níbí, pé Áfíríkà ò sí nínú kọ̀ǹpútà òun. Ó ṣí i fún mi, ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì àti Àbújá ló tò síbẹ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà náà ni kò tíì gbọ́, kó tan rédíò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Damaris rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá fún mi lága. Ó ní òun náà wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Ó ní lẹ́yìn tí mo sáré jáde ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ pé nǹkan náà ò tíì ṣẹlẹ̀, pé láti ayé àwọn baba wa ni wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀, pé àwọn olóṣèlú ń sọ ọ́ bí ẹni ń gbàdúrà tí kò fẹ́ dìde ṣiṣẹ́. Ó ní àtẹ́wọ́ tí mo bá, ìgbà tó ní kí àwọn ọ̀dọ́ lọ mú un ṣẹ ni.

Kai! Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, inú mi ṣì ń dùn, torí ọdún mẹ́ta ni Fẹ́yìsayọ̀ máa lò nílé ẹ̀kọ́ náà, ta ló mọ̀ bóyá yóò ti ṣẹ kó tó jáde. Kó kọ́kọ́ wọlé ná. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí wọ́n dáwọ́ gbígba fọ́ọ̀mù dúró, Damaris sì ti bá mi tẹ fọ́ọ̀mù mìíràn.

Nítorí náà owó ọkọ̀ ni mo tún ń tọrọ, dákun, ọmọ mi. Kí ìwọ náà sì ti Èkó wá pàdé mi ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́. Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo débẹ̀ láyé mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ìgbà tí a gbé òkú baba mi lọ sílé. Àwọn àgbà agbo ilé bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo mọ̀ ọ́n o, ṣùgbọ́n Haúsá ló bọ́ lẹ́nu mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ní Gàmbàrí lèyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí baba mi. Yorùbá tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ yìí, inú Bíbélì ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti kọ́ ọ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ẹ̀rù ìbéèrè yẹn ṣì ń bà mí, mo ti di arúgbó. Wá dúró tì mí. Bí ẹnu mi bá tún kọ̀, ìwọ bá mi sọ fún wọn pé ọmọ wọn ni mí.

Ìyá rẹ kí ọ, Fẹ́yìsayọ̀ kí ọ. Ọlọ́run yóò bù sí àpò rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Ibikíbi tí o bá dé láyé, wọn yóò ti mọ̀ ọ́ kí o tó la ẹnu.

Èmi ni baba rẹ,
Olúṣọlá