Ìdúpẹ́ Tí Ẹ Ṣe Lórí Iṣẹ́ Mi

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le. Ta ló ní kẹ́ ẹ jó lọ síwájú pẹpẹ nítorí iṣẹ́ mi? Mo ní wọ́n da ẹ̀ka mẹ́rin tó ń tẹ ìwé ìtàn Japan pọ̀ di ọ̀kan, ẹ ní ilé-iṣẹ́ ọmọ yín ti gbòòrò! Orúkọ ẹ̀ka tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ pa rẹ́. Ọ̀gá wa, ẹlẹ́nu méjì, gé kéèkì fún wa, ó sì gba káàdì ìwọlé lọ́wọ́ mi. Mò ń sinmi dáadáa nínú ilé mi ní Co-op City. Mi ò sáré lé bọ́ọ̀sì Manhattan mọ́.

Ẹ bá mi kí ẹgbẹ́ ìyá. Bí wọ́n bá béèrè mi, ẹ ṣáà máa jó lọ.

Rìnsọ́lá