Okùn Ẹ̀yìn Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

                                                  Ilé Kẹrìnlá,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Epo,
                                                  Òpópónà Ilé Ẹjọ́ Àtijọ́.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Wáyà, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọmọ yín lẹ́nu ti fi í sílẹ̀? Ìyá ńkọ́, ṣé ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ti ń ríran dáadáa, àbí wọ́n ṣì ń kí àga pé ó káàárọ̀? Orúnkún rẹ ńkọ́, èyí tí o fi gbá bọ́ọ̀lù tí o sì sọ fún gbogbo ayé pé ibi iṣẹ́ lo ti fi ṣèṣe? Mo kí gbogbo yín o. Èmi náà wà láàyè. Ara mi le, oúnjẹ ń wọlé, oorun ń wá. Kìkì pé nǹkan kan ti ń rí mi lára láti bí oṣù kan sẹ́yìn, wọn kò sì ní oògùn rẹ̀ ní ilé oògùn. Mo ti béèrè.

O kọ̀wé sí mi pé ìyàwó rẹ fẹ́ máa gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ sídìí adágún ẹja rẹ̀, pé kò gun nǹkan kan rí láyé rẹ̀, àti pé kí n sọ irú èyí tó yẹ kí o rà fún un, nítorí o gbọ́ pé mo ti yan ọ̀kan fún tèmi. Ta ló sọ fún ọ? Ẹni náà gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Fara balẹ̀ kí n ro ìyókù fún ọ. Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

O mọ̀ pé iléeṣẹ́ tó ń gbin igi gẹdú lẹ́yìn ìlú ni ìyàwó mi ń bá ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi ń ka ọmọ igi nínú ọ̀rá dúdú lábẹ́ àtíbàbà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń ka irun orí. Ẹni tó ń bójú tó igi orí òkè wá fẹ̀yìn tì. Màníjà pe ìyàwó mi, ó ní òun ni ipò náà tọ́ sí, àmọ́ orí òkè yẹn kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn yí ká. Ó ní iléeṣẹ́ á ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fún un, èyí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Àmọ́ lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, kó gùn ún dé orí òkè kó sì padà, òun nìkan. Bí kò bá lè ṣe é, wọ́n á fi akọ̀wé kan síbẹ̀, ẹni tí ohun tó mọ̀ nípa igi kò ju àga tó ń jókòó lé lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù. Ìyàwó mi kò gun kẹ̀kẹ́ ọmọdé rí.

Ó ní kí n bá òun lọ yàn án, torí pé mo kàwé ẹ̀rọ. Òótọ́ ni. Ìwé ẹ̀rí mi wà lára ògiri pálọ̀, ó bo ibi tí ọ̀dà ti bó. Pé fíríìjì ni mo ń tún ṣe láti ìgbà tí a ti jáde ní polí, ìyẹn kò ní kí n má gbọ́n sí ohunkóhun tó bá ti ní ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù ni mo kọ́kọ́ mú un lọ. Ẹnu géètì ni òórùn ibẹ̀ ti wá pàdé wa: epo tó ti kan, ìtọ̀ ológbò, àti rọ́bà tó jóná. Ọkùnrin náà ti ìka bọ ẹnu, ó fi itọ́ nu ara alùpùpù kan kí a lè rí bó ṣe ń dán, ó wá na ọwọ́ kan náà sí mi pé kí n bọ òun lọ́wọ́. Mo bọ̀ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ló bà mí jẹ́, wọ́n kọ́ mi ní ọ̀wọ̀. Ó ní ẹni tó ni alùpùpù náà tẹ́lẹ̀ kì í gùn ún, pé ó kàn máa ń wò ó ni. Mo ṣí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Alángbá gbígbẹ kan wà níbẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí ikú ká ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Ọlọ́jà wo alángbá, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ìyẹn ò sí nínú ọjà o. Ẹ̀bùn ni."

Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, ìyàwó mi ti wà létí títì.

A gba ilé ìtajà ńlá onígíláàsì lọ. Ẹni tó wá pàdé wa níbẹ̀ ti da lọ́fínńdà sára débi pé ojú ń ta mí. Oní-lọ́fínńdà ni n ó máa pè é. Orúkọ tí mo pè é lọ́kàn burú ju ìyẹn lọ. Ó kí mi tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Ìyàwó mi ni kò rí, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló tẹ̀ lé mi wọlé.

Ìyàwó mi béèrè pé, "Ṣé mo máa fọwọ́ pààrọ̀ jíà ni, àbí ó ń pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀?"

Oní-lọ́fínńdà kọjú sí mi. "Ọ̀gá mi, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀."

Mo yíjú sí ìyàwó mi. "Ó ní ó ń pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Tó bá rì sínú ẹrọ̀fọ̀, ṣé ènìyàn méjì lè tì í jáde?"

"Ọ̀gá, ènìyàn méjì á tì í."

"Ó ní ènìyàn méjì á tì í."

Báyìí ni mo ṣe di ògbufọ̀ láàárín ènìyàn méjì tó gbọ́ èdè kan náà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà tètè mọ́ mi lára.

Ó gbé mi gun èyí tó tóbi jù lọ, pupa fòò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè fa ilé. "Ẹ wò ó, ọ̀gá, ó bá ìbàdí yín mu." Ìbàdí mi, Wáyà. Èmi tí mi ò ní í gùn ún. Ìyàwó mi ní ti òun ńkọ́. Ó fa kékeré kan jáde, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun, labalábá wà lára rẹ̀. "Ti màdáámù rèé." Ìyàwó mi jókòó lé e, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ó dìde, ó lọ sí kọ̀rọ̀ kan níbi tí aláwọ̀ ewé kan wà, ó jókòó sórí ìyẹn, ó ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ́ńjìnnì níná kó lè sáré, ó ń yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. A ò wò ó. Oní-lọ́fínńdà ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀gá, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ wo èyí." Ó fi dúdú kan hàn mí. Okùn kan so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ̀yin ni ẹ máa di okùn yìí mú, ẹ ó máa rìn tẹ̀ lé wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ohun tí kò yẹ, ẹ fà á. Kíá, ẹ́ńjìnnì kú. Ààbò ni." Ó ṣẹ́jú sí mi. "Àwọn ọkọ fẹ́ràn ẹ̀."

Kí n má purọ́ fún ọ: inú mi dùn. Èmi tí mo ti ń fi gbogbo wọn ṣe ẹlẹ́yà láti àárọ̀, mo dúró síbẹ̀, mo ń fọwọ́ pa okùn.

Ìyàwó mi ní aláwọ̀ ewé yẹn bá òun lára mu. Mo ṣàlàyé fún un, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a há sórí ní ọdún kejì ní polí, pé olókùn ló ní ààbò. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ lo kàwé ẹ̀rọ." Bí a ṣe gbé olókùn nìyẹn.

Pápá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ la ti ń kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó forí lé kòtò, mo fa okùn. Ìyẹn dára. Ní ọjọ́ kejì, ewúrẹ́ kan ń jẹko lọ́ọ̀ọ́kán, mo fà á. Ewúrẹ́ náà kò tilẹ̀ gbórí sókè. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó yí igun kan tó gún régé débi pé obìnrin tó ń sá aṣọ létí pápá pàtẹ́wọ́ fún un. Mo fà á. Àwọn tó ń kọjá ń kí mi pé, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Mo ń dá wọn lóhùn. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ìyàwó mi kò tíì yára ju ọkùnrin tó wọ sálúbàtà lọ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àmọ́ èmi tí mo di okùn mú, ara rọ̀ mí dáadáa.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ, ó ní kí a dán gegele tó wà ní ìpẹ̀kun pápá wò, nítorí òkè ni wọ́n máa ní kí òun gùn. Ó fún un níná. Ó ń gùn ún lọ geere, ó tẹ àyà síwájú bó ṣe yẹ, kò sí ohun tí ènìyàn lè bù kù níbẹ̀. Èmi ń sáré lẹ́yìn, mo ń mí hẹlẹ hẹlẹ, okùn ń yọ́ lọ lọ́wọ́ mi. Mo lè jù ú sílẹ̀. Mo rí i kedere pé ohun tó kù láti ṣe ni kí n jù ú sílẹ̀.

Mo fà á.

Ẹ́ńjìnnì kú sáàárín gegele. Alùpùpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gbéra nílẹ̀. Ìyàwó mi fi ọwọ́ méjèèjì fún bíréèkì, ó dúró. Ibi tó dúró sí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí orúnkún mi.

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Kí lo rí?"

Mo wá kòtò, n ò rí. Mo wá ewúrẹ́, n ò rí. Mo ní, "N ò rí nǹkan kan."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú okùn náà, ó ká a dáadáa, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Wáyà, obìnrin tó ti ń pè ọ́ ní "ìwọ" fún ọdún mẹ́fà, bó bá kí ọ báyẹn lọ́sàn-án gangan, tètè lọ wá ibi tí o máa sùn sí.

Gbogbo bí mo ṣe ń yínmú sí ọlọ́jà àlòkù, tí mò ń yínmú sí Oní-lọ́fínńdà, ara mi ni òórùn náà ti ń wá.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti dírẹ́bà iléeṣẹ́ gbé olókùn padà lọ, nítorí wọ́n fún wa láyè láti pààrọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fóònù mi dún. Oní-lọ́fínńdà ni. "Ọ̀gá mi, màdáámù wà níbí o. Wọ́n láwọn fẹ́ aláwọ̀ ewé. Ṣé kí n gbà fún wọn?" Mo ní kó bi ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo kàn bu ọ̀wọ̀ fún yín ni." Mo pa fóònù, mo sì fi aṣọ nù ún.

Bó ṣe yàn án nìyí, bó bá wúlò fún ilé yín. Ó jókòó lé e pẹ̀lú bàtà tó máa wọ̀ ṣiṣẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì tẹ́ síbi ìtẹ̀sẹ̀. Ó yí ọwọ́ rẹ̀ dé ìpẹ̀kun lápá méjèèjì láìnà gbalaja. Ìka méjì péré ló fi tẹ bíréèkì. Ó wá jíà ìpadàsẹ́yìn láìwolẹ̀, ó rí i. Ìdè kékeré kan tí wọ́n ń fi sípánà yí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àtàǹpàkò ti ń fún un níná. Tí o bá dè é le, iná kò ní í wọlé púpọ̀, bó ti wù kí o tẹ̀ ẹ́ tó. Ó dè é le lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Lọ́jọ́ tí ìṣesí ara rẹ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tú u díẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ló so sípánà rẹ̀ mọ́. Ààbò ni ìyẹn náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ti ọrùn tí sípánà wà lọ.

Ọjọ́ Ajé pé. Màníjà wà lẹ́nu géètì, akọ̀wé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó ti kùn fún ipò tuntun, èmi náà sì lọ, kò sẹ́ni tó pè mí. Ìyàwó mi dé akoto, ó gun òkè lọ, igi gbé e mì. Ìdajì wákàtí ló yẹ kó fi lọ kó fi bọ̀. Nígbà tó di ogójì ìṣẹ́jú, akọ̀wé wo aago, ó rẹ́rìn-ín, ó fi eyín tí kò yẹ kó jáde síta hàn wá. Nígbà tó pé wákàtí kan, mo ti ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́nu géètì. A wá gbọ́ ẹ́ńjìnnì lókèèrè. Ó yọ, ẹrọ̀fọ̀ dé àyà rẹ̀.

Màníjà ní kí ló dá a dúró. Ó fa bébà kan yọ lápò. "Kòkòrò ti wọ igi mẹ́tàdínlógójì lókè yẹn, sà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kà wọ́n." Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀.

Màníjà bú sẹ́rìn-ín. "Ipò ti di tìẹ! Ta ló kọ́ ọ gan-an?"

Ìyàwó mi ṣí akoto. Ó wò mí lójú, ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Mo mọ ohun tó máa sọ, mo ti tún ojú mi ṣe dè é.

Ó ní, "Ọkọ mi ni, sà."

Ni màníjà bá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ mi mú. "Irú yín ṣọ̀wọ́n! Ọkọ gidi!" Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Wáyà, òótọ́ ọ̀rọ̀ ti wà létè mi. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, "A dúpẹ́, sà. Ojúṣe ẹni ni."

Nígbà tí a délé, mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi igi ha ẹrọ̀fọ̀ kúrò nídìí bàtà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o máa gba ìyìn náà ni."

Nítorí náà, má bi mí léèrè irú èyí tí o máa rà. Fi lẹ́tà yìí lé ìyàwó rẹ lọ́wọ́, òun ló ni ín. Bá mi kí Ìyá, kí o sì fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Tèmi ní kí n kí gbogbo yín. Ó ti lọ sórí òkè.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti polí,

Gírísì.