Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tí Dókítà Ní Kí N Rántí

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ mi. Ara mi le kokooko. Àwa obìnrin tó ń gbá rọ́gíbì fún orílẹ̀-èdè wa ti borí lónìí! Orúnkún ẹnìkan kàn bá mi lórí díẹ̀ ni. Ẹ ṣáà máa ń pè mí ní olórí kunkun.

Dókítà pápá ní bí mi ò bá lè rántí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tóun bá sọ, mi ò ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́la. Àwọn ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé mẹ́ta kan náà ló máa ń bi gbogbo èèyàn. Wọ́n fà mí wọ balùwẹ̀, wọ́n kọ́ mi bí ẹni kọ́ ọmọdé lórin: àga, bọ́tà, òkúta. Nígbà tí dókítà bi mí, mo kà á geerege! Ọ̀gá wa fò sókè, torí kò sẹ́ni tó kù tó lè gba ipò mi.

Ìmọ́lẹ̀ ló kàn ń gún mi lójú, mo ti fi aṣọ bo fèrèsé.

Ṣé mo ti sọ fún yín pé a borí?

Ẹ bá mi kí ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sórí báńdéèjì ọwọ́ mi, mi ò sì fẹ́ ṣì í kọ.

Àga, bọ́tà, òkúta. Ẹ ò rí i bí orí mi ṣe pé?

Ẹ kú ilé o, Màámi.