Ibi Tí Bàbá Rẹ Ti Ń Pè Mí Nínú Orin

Ìdí-Òro,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn òjò.

Adébùkọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ariwo Ajah. Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ á máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí títì márosẹ̀ yẹn, níbi tí mọ́tò kì í ti í dúró kí èèyàn sọdá. Ṣọ́ọ̀bù tí o ń ṣe ní Addo, kò ní gbóná mọ́ ọ lọ́wọ́, àwọn oníbàárà ò sì ní fi ọ́ sílẹ̀ lọ sí òdìkejì títì. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún ọ̀tún tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí òjò tó mọ̀. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì lọ́jọ́ Àìkú. Bàṣírát ará ilé kejì wa ní ọ̀kan nínú wọn jọ ọ́ níwájú orí. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

Wàá ti rí i pé ọwọ́ yìí kì í ṣe ọwọ́ Tíṣà Tájù tó máa ń bá mi kọ lẹ́tà. Èmi fúnra mi ni mo jókòó tì í láti àárọ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí mo kọ́ nílé ìwé àgbà kí wọ́n tó tì í pa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí, ojú á tì mí kí n máa là á kalẹ̀ fún Tájù. Bó bá wọ́ níbì kan, bá mi tọ́ ọ.

Sídì tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ mi láìfọ́. Mo gbé e wò, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀ rekete, ó sì jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi pé mo ti dàgbà tó báyìí. O ṣé, ọmọ mi. Ìgbà tí mo fún ọ ní kásẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ lẹ́yìn ìsìnkú, ohùn inú rẹ̀ ti ń fà bí ẹni tó ń sunkún, o sì ní wàá fi í sínú àwo tí kì í fà. Àwo náà kì í fà lóòótọ́. Àmọ́ ó ní ìwà tirẹ̀.

Ẹ̀rọ Bàṣírát la fi gbọ́ ọ. Nígbà tó kọrin tán, mo yọ ọ́, mo yí i padà bí a ṣe ń yí kásẹ́ẹ̀tì, kí n lè gbọ́ ojú kejì. Kò sọ nǹkan kan. Èmi àti Bàṣírát jókòó, a ń retí, a rò pé bàbá rẹ ṣì ń wá ohùn ni. A retí títí ẹ̀wà fi jóná lórí iná. Tájù ló wá sọ fún wa pé sídì kò ní ẹ̀yìn. Mo bi í léèrè pé kí ni nǹkan náà wá fi ń sùn, ó ní kí n má bínú.

Ìyẹn kékeré. Ìrántí ọdún méjì bàbá rẹ ni Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù tó ń bọ̀, o sì mọ àṣà ìjọ wa. Orin ló ń sin ará ilé òkú láti ẹnu ọ̀nà wọn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, orin náà kò sì gbọdọ̀ já lójú ọ̀nà. Bó bá já pẹ́nrẹ́n, ibi tí ẹsẹ̀ oníkálukú wà ló ti máa dúró, títí wọ́n á fi gbé e padà. Nígbà tí bàbá rẹ ń lé e, kò já rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, kò sí ẹni tí èémí rẹ̀ gùn débẹ̀ mọ́. Ni Wòlíì Akínọ̀ṣọ́ bá ní kí orin bàbá rẹ fúnra wọn sin wá. A gbé ẹ̀rọ sínú bárò, Bàṣírát sì ní òun ló máa tì í, pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé mùsùlùmí lòun, bàbá rẹ ló mọ ilé òun láìgba kọ́bọ̀.

A dán an wò lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Gbogbo wa wọ sùtánà funfun, a bọ́ bàtà, a gbéra. A kò tíì dé ibi kànga tí orin àkọ́kọ́ fi tán, tí ẹ̀rọ sì dákẹ́ fẹ́ẹ́. Gbogbo wa dúró gbagidi. Ìyá Bọ̀sún gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Orin kejì bẹ̀rẹ̀, a rìn díẹ̀, ó tún dákẹ́, a tún dúró. Orin méje, ẹ̀ẹ̀mẹfà la dúró nínú ẹrọ̀fọ̀. Nọ́ńbà wá ń tàn lójú ẹ̀rọ náà, Wòlíì rò pé nọ́ńbà ìwé orin ni, bí wọ́n ṣe ń gbé e kọ́ ara ògiri. Ó ní ká ṣí orin kẹta. Orin kẹta nínú ìwé sì rèé, orin àárọ̀ ni. Ìdajì ìjọ ń kọ ti àárọ̀, ìdajì ń tẹ̀lé bàbá rẹ, ajá Ọdúnjọ ń gbó àwa méjèèjì.

Èmi wá rò ó pé bóyá ẹ̀rọ náà ń dákẹ́ kí àwa lè gbè é ni. Orin wa kúkú ni, ẹnìkan á lé, àwọn tó kù á gbè. Mo sọ fún àwọn obìnrin pé bó bá ti dákẹ́, ká gbè. Kí a tó la ẹnu, ó ti lọ. Mo bá a wí. Mo ní ẹni tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń dúró de èèyàn.

Ìdí nìyẹn tí Tájù fi tẹ̀ ọ́ láago. O ṣàlàyé fún un pé o gé kásẹ́ẹ̀tì náà sí ọ̀nà méje nínú kọ̀ǹpútà, o rẹ́ ikọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹnu kúrò lórí àti nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ sínú sídì ló sì ń fi ìdákẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá méjì sáàárín wọn, àfi bí a bá kìlọ̀ fún un kó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìgbé ọwọ́. Mo ní kí Tájù sọ fún ọ pé ó ti yé mi. Ó yé mi lóòótọ́. O ti jókòó tì mí rí nídìí ẹní híhun. Ṣé a máa ń jẹ́ kí koríko kan tán ká tó ki òmíràn bọ̀ ọ́? Kó tó tán la ti ń ki ti tuntun sí i, tí ojú kò fi ní rí oríkèé. Bí mo ṣe fẹ́ kí o ṣe orin bàbá rẹ nìyẹn.

Àmọ́ ohun tí n kò lè sọ létí Tájù ni èyí. Dídí àlàfo náà nìkan kò tó. Ohun tí o gé dànù ni mo ń wá.

Àárín orin kẹrin àti ìkarùn-ún ni. Ṣọ́ọ̀ṣì Awoyaya ni wọ́n ti gba ohùn yẹn sílẹ̀, nígbà tí bàbá rẹ ń to búlọ́ọ̀kù ní Igbó Ẹfọ̀n, tí wọ́n ń wálé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Bí orin kẹrin ṣe ń lọ sílẹ̀, tí ohùn àwọn ẹlégbè ti ń rẹ̀, wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá ní, Àwẹ̀ró, gbè é. Kò sí Àwẹ̀ró kankan nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, Bùkọ́lá. Èmi ni. Mo wà nílé níbí, mo ń hun ẹní. Wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, wọn kò sọ nǹkan kan fún mi, èmi fúnra mi ni mo bá a pàdé níbẹ̀ nígbà tí mo ń sun iṣu, iṣu yẹn di èédú. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti débẹ̀, mo máa ń gbè é. Bí wọ́n ṣe kú náà, mo ṣì gbè é kí n tó kó kásẹ́ẹ̀tì náà fún ọ. Nínú sídì rẹ, bó bá débẹ̀, ó dákẹ́. Ìdákẹ́ náà kò gùn ju kí èèyàn gbé itọ́ mì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo orin tó kù lọ.

Ìyá Bùkọ́lá ni gbogbo Ìdí-Òro ń pè mí. Orúkọ tó dára ni, mo rọbí kí n tó gbà á. Ṣùgbọ́n ìyá tó sọ mí ní Àwẹ̀ró ti lọ, àwọn tó bá mi ṣeré nígbà èwe ti lọ, bàbá rẹ náà ti lọ. Kò sí ẹnu tó ń pè é mọ́. Àárò ń sọ mí, ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ọ.

Nítorí náà, wá kásẹ́ẹ̀tì náà. Fi ikọ́ náà sílẹ̀, símẹ́ńtì Igbó Ẹfọ̀n ló wà nínú rẹ̀, tiwọn ni. Bó bá sì jẹ́ pé ó ti bàjẹ́, tàbí ẹnìkan ti gba orin mìíràn lé e lórí, má sọ ọ́ fún Tájù lórí fóònù. Wálé. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni o kò ti tẹ ilẹ̀ yìí. Ohùn bàbá rẹ ló wà lọ́fun rẹ, ó nípọn bákan náà. Bí orin kẹrin bá ti já, ìwọ ni kí o dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárò, kí o pè mí. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í pe orúkọ ìyá rẹ̀. Mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ, n ó sọ fún Wòlíì kó má baà bá ọ wí. Pè mí, n ó gbè é, ẹsẹ̀ gbogbo wa á sì máa lọ.

Ibí ni mo ti máa ń béèrè owó, mo mọ̀ pé o ti ń retí rẹ̀. Bátìrì mẹ́jọ ni ẹ̀rọ Bàṣírát ń jẹ. Bí o kò bá ní wá, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Bí o bá ń bọ̀, kó wọn sínú báàgì rẹ, mo fẹ́ kí o bá báàgì náà wọlé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí orin tìrẹ já lójú ọ̀nà. Ibi tí èémí bá ti fẹ́ tán ọ, wàá rí ẹni gbè é.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àwẹ̀ró.

Kí o tó ká lẹ́tà yìí padà, kà á sókè lẹ́ẹ̀kan, títí dé orúkọ tó wà nísàlẹ̀ yẹn.