"Gbé E" Tí Ẹ Sọ Láàárọ̀ Ọjọ́ Yẹn

Bàbá mi tí mo fẹsẹ̀ jọ,

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Wọ́n ní mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí mọ́tò yín. Tó bá di Sátidé, ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù máa wá wọ́ ọ jáde kúrò nínú ọgbà, ó máa lọ gé e sí wẹ́wẹ́. Ta ló pè é? Àkọ́bí yín náà ni, Bùrọ̀dá, tí ò fọwọ́ kan jáàkì rí láyé ẹ̀. Ó ní mọ́tò mánúà ti kọjá àsìkò, ó ń mu epo bí ẹni ń mu omi, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ṣí àfi téèyàn bá fi ìdí tì í. Òótọ́ ni. Mo ti fi ìdí tì í látìgbà tí mo wà ní kékeré, ṣé mo ráhùn?

Mo wá lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ yín lọ́dọ̀ fọganáísà ní Ìyànà Ìbà, níbi tẹ́ ẹ ti máa ń jókòó sórí táyà lọ́jọ́ Sọ́ńdè tẹ́ ẹ bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tẹ́ ẹ máa ń jà lórí mọ́tò tí ìkankan nínú yín ò ní. Mo rò pé wọ́n á gbè mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan mọ́tò fún mi bí ẹni ń yan ọkọ.

Àlàájì tó ń ta táyà ní, "Ọmọ mi, ra ọtomátíìkì kékeré. Epo díẹ̀, éésì tútù. O tẹ̀ ẹ́, ó lọ."

Bàbá Rewáyà tó ń tún wáyà iná mọ́tò ṣe fò dìde. "Kékeré kẹ̀? Pẹ̀lú omi ọ̀nà Ìbà yìí? Jíìpù ni! Ìdí mọ́tò ò gbọdọ̀ wẹ̀."

Àlàájì ní, "Tí jíìpù bá wá bàjẹ́, ṣé ìwọ lo máa bá a ra sípíà páàtì?"

Mo bi wọ́n léèrè pé èwo ló máa gba páálí bísíkíìtì tí mò ń kó lọ sọ́jà inú bárékè Ọ̀jọ́, tó ṣì máa pa mí lẹ́rìn-ín tí mo bá wọ gíà kẹta? Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bèèrè ọtí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlàájì ní, "Ẹ̀rín wo ló wà nínú mọ́tò obìnrin?"

Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé mọ́tò tí ò bá lè gbé àpò gàrí méjì àti orin kan, pósí ni? Tá a bá ti kọjá Òkókómáíkò, tí títì tẹ́jú, ẹ máa wọ gíà kẹta, ẹ máa súfèé, èmi náà á súfèé. Màámi á pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí ò gbádùn!" Ẹ ti wà lọ́dọ̀ wọn báyìí. Ṣé ẹ ṣì ń súfèé?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bùrọ̀dá ní kí n fi ọtomátíìkì tòun gbé ọjà, kí ojú mi lè là. A dé géètì bárékè, ẹsẹ̀ òsì mi wá kílọ́ọ̀ṣì tí ọtomátíìkì ò ní, kò rí i, ló bá fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì. Orí Bùrọ̀dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá gíláàsì. Sójà tó wà níbẹ̀ ní, "Madam, wetin do your leg?" Ẹsẹ̀ yẹn ń wá bàbá ẹ̀ ni.

Èmi náà jẹ̀bi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, táńkà omi ń fọn fèrè lẹ́nu géètì wa, mọ́tò yín ló dí i lọ́nà. Ẹ̀yin àti Àlàájì jókòó ní fàráńdà, ara yín ò yá. Ẹ ju kọ́kọ́rọ́ sí mi, ẹ ní, "Gbé e." Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ yín ń sùn sábẹ́ pílò! Mo gbé mọ́tò, táńkà kọjá, mo ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Odindi ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi wà láyé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò bèèrè ẹ̀. Èmi náà ò bi yín. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá bi yín, ẹ máa gbà á padà.

Nípàdé ẹbí, Bùrọ̀dá dìde. "Gbé e kúrò lọ́nà ni Bàbá wí. Ṣó o fẹ́ jogún táńkà omi náà ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo kọjú sí Àlàájì. Ó ní òun ò gbọ́ dáadáa. Irọ́ ni! Táyà tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ ẹ fi sí mọ́tò náà kẹ́yìn ló ń wò, kó lè kó wọn tà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́nu tó báyẹn lórí mọ́tò onímọ́tò, lórí tiyín, ọ̀rọ̀ kan péré lẹ sọ.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó jókòó sínú mọ́tò yín ní báyìí, tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì lásán. Bàbá mi, "gbé e" yẹn: ṣé kí n gbé e kúrò lọ́nà ni, àbí kí n gbé e, kó di tèmi? Ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé.