Àna Mi Ló Ń Sáré Níwájú Mi

Bódìjà, Ìbàdàn,
Oṣù Kìíní, 1986.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọyẹ́ o. Ti Jọ́ọ̀sì á ti le ju tiwa lọ. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́, wọ́n ti ń dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi ni ara ò rọ̀. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí a jọ ń sáré ti yan ìdíje márùn-ún tí a máa sá lọ́dún yìí. Àfi bí Bàbá Láwùmí, àna wa, ṣe ní àwọn náà á bá wa sá a. Ní Sátidé tí a dán an wò, mo bá wọn ní Mọ́kọ́lá, mo dọ̀bálẹ̀ lójú títì. Kí n tó gbọn eruku ara mi, wọ́n ti lọ. Mo tún bá wọn ní Dùgbẹ̀, mo tún dọ̀bálẹ̀.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," ni wọ́n wí, wọn ò dúró.

Bí mo bá kọjá láìkí wọn, mo rí àna fín. Bí mo bá ń kí wọn, ẹ̀yìn ni mo máa wà títí ọdún á fi parí.

Ẹ̀yin lẹ bá mi tọrọ Láwùmí lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fún wa. Ọlọ́run á dá yín sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún kọ̀wé sí wọn, ẹ bá mi tọrọ ọ̀nà.

Àbúrò yín,
Ọmọ́níyì