Iná Tó Jó Oko Kajú Bàbá Bámilóyè

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Adéṣọlá,
Bàríga, Èkó.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Èrèlé, 2025.

Serifat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Kàdúná? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́ sí, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tiwa le, Mùtíù ọkọ mi náà ń kí ọ. Eruku ọyẹ́ nìkan ni kò jẹ́ ká mí; gbogbo aṣọ tí mo bá rán ní ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń gbọ̀n kí oníbàárà tó gbé e.

Ọ̀rọ̀ abúlé wa ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí mo mọ̀ pé o kò sí lórí wásáàpù wa mọ́ láti ìgbà tí fóònù rẹ ti bàjẹ́. Iná ọdàn ń burú sí i lágbègbè Ṣakí. Èmi náà wá rí ibì kan lórí fóònù tó máa ń fi ibi tí igbó ti ń jó hàn. Ẹ̀rọ ojú òfurufú ló ń rí i. Ibi tí iná bá wà á pọ́n bí ata. Bó bá ti ń sún mọ́ abúlé, màá pe Ìyá Ọmọ́wálé tó ń ta kẹrosíìnì, òun á sì kéde fún àwọn tó kù.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè lọ́yẹ́ yìí, tí wọ́n sá lọ sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́, tí atẹ́gùn sì yí iná padà. Nígbà tí mo tún pè, ó ti ń sú wọn. Síbẹ̀ wọ́n mú àdá àti ọkọ́, wọ́n ro koríko ẹ̀yìn ilé kanlẹ̀, wọ́n pọnmi kún àgbá. Bàbá Bámilóyè, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, nìkan ló kọ̀. Ìyá Ọmọ́wálé gbé fóònù sí i létí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ro etí oko kajú yín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kúdí, iná tí o ń wò ní Bàríga, ṣé òun ló máa wá jó mi níbí? Jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí sinmi."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì niná dé. Kò sí ilé kan tó jó. Àmọ́ etí oko tí ẹnikẹ́ni kò ro, ibẹ̀ ló gbà wọlé. Serifat, gbogbo igi yẹn ló lọ, títí kan èyí tó gbìn síbi tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀ sí, tí a máa ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ewé tútù ló ń fi na iná títí wọ́n fi wọ́ ọ jáde. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló bó.

Àwọn èèyàn ń sọ fún un pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ gbogbo ayé rẹ̀ ló fi pọn omi náà. Tí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo máa ń rò ó pé ká ní mo wà níbẹ̀ ni, tí mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, bóyá ì bá gbà. Ohùn inú fóònù kò lè di èèyàn lọ́wọ́ mú.

Ara rẹ̀ ti ń yá díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pè mí nírọ̀lẹ́ báyìí: "Kúdí, níbo ni iná wà lónìí?" Bí mo bá ti sọ fún un, á ti ilé dé ilé lọ kìlọ̀ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí igi kan tó kù lóko rẹ̀ tí iná máa jó.

Bá mi kí gbogbo ilé. Jọ̀wọ́, fi fóònù baálé rẹ pe Bàbá Bámilóyè, ó ń bèèrè rẹ. Má ṣe dárúkọ kajú o.

Èmi ni ẹni rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ,
Kùdírátù.